Adélékè (orúkọ ìdílé)

Adélékè, tí a sábà máa ń kọ láìsí àmì ohùn gẹ́gẹ́ bí Adeleke, jẹ́ orúkọ àbísọ Yorùbá tí ó ti di orúkọ ìdílé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà àti láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní òkè òkun. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé adé wà lókè, tàbí pé adé borí. Lóde òní, ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rántí bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ yìí ni Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdílé Sẹ́nétọ̀ Raji Ayọ̀ọlá Adélékè ti wá, ìdílé tí gómìnà méjì ti jáde láti inú rẹ̀.

Síbẹ̀, orúkọ náà kì í ṣe ti ìdílé kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo. Gbogbo àwọn tí ń jẹ́ Adélékè kì í ṣe ọmọ baba ńlá kan náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ ìlú tí ó jìnnà síra wọn, ẹnì kan wà tí òbí rẹ̀ sọ ní Adélékè, tí orúkọ náà sì wọ ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní àkókò tí ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìjọsìn àti ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ ìdílé.

Ìhun àti ìtumọ̀

Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ orúkọ àbísọ Yorùbá ti rí, odindi gbólóhùn ni Adélékè kí ó tó di orúkọ. Bí a bá tú u palẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a óò bá nínú rẹ̀:

• adé: ohun tí ọba ń dé sórí. Ó tún dúró fún ipò ọba àti fún ilé tí ọba ti ń jáde. Òun ni olùwà gbólóhùn náà.
• lé: kí nǹkan wà lórí nǹkan mìíràn. Òun ni ọ̀rọ̀-ìṣe.
• òkè: ibi gíga. Òun ni àbọ̀.

Nígbà tí lé àti òkè bá pàdé, fáwẹ́lì tí ó bẹ̀rẹ̀ òkè a di pípajẹ, a ó sì ní lékè. Ọ̀rọ̀ yìí ti dúró fúnra rẹ̀ nínú èdè láti ìgbà pípẹ́. A máa ń lò ó fún ohun tí ó léfòó sórí ohun mìíràn, bí epo ti í lékè omi, a sì tún máa ń lò ó fún ẹni tí ó borí nínú ìjà, nínú ẹjọ́ tàbí nínú ìdíje. Ìtumọ̀ méjèèjì ni ó wà nínú Adélékè. Èkíní ń sọ ibi tí adé wà: orí ni a ń dé e sí, kò sì sí ohun ọ̀ṣọ́ tí ó tún ga jù ú lọ lára ènìyàn. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun: ilé tí ó ni adé ti borí, kò sì ní di ẹni ẹ̀yìn.

Sílébù mẹ́rin ni orúkọ náà ní. Ohùn àárín ni ó wà lórí A, ohùn òkè wà lórí dé àti lé, ohùn ìsàlẹ̀ sì wà lórí kè.

Àwọn orúkọ tí ó bá a tan

Lékè kò mọ sí ara adé nìkan. Ó wà nínú Ọlálékè, Oyèlékè, Akínlékè, Ògúnlékè àti Fálékè, èyí tí Ifá jẹ́ olùwà rẹ̀. Ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbà pé ó borí ni ó fi síwájú: ọlá, oyè, akin, Ògún tàbí Ifá. Lékè ni ìkékúrú tí ó wọ́pọ̀ jù fún gbogbo wọn, nítorí náà ẹni tí a bá ń pè ní Lékè lè má jẹ́ Adélékè rárá.

A kò gbọdọ̀ da Adélékè pọ̀ mọ́ Adélékan. Nínú Adélékan, bí ó ti rí nínú Ọlálékan, lé túmọ̀ sí kí nǹkan pọ̀ sí i: adé ti fi ẹyọ kan lé sí i. Ìbí ọmọ ni ó sọ adé tí ó wà nílẹ̀ di púpọ̀. Nínú Adélékè, kì í ṣe iye adé ni a ń sọ, ipò adé ni.

Ilé tí orúkọ náà ti wá

Àwọn Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àbísọ sábà máa ń fi iṣẹ́, òrìṣà tàbí ipò ìdílé hàn. Àyàn wà fún àwọn onílù, Ọ̀jẹ̀ fún àwọn eléégún, Ifá tàbí Fá fún àwọn babaláwo, Ògún fún àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn ọdẹ, Akin fún àwọn akíkanjú, Adé sì wà fún àwọn ọmọ ọba. Tìmì Ẹdẹ, John Adétóyèṣe Láoyè, tí ó wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó hàn kedere. Òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri nítorí pé ó mọ ìlù dùndún í lù. Bí ó ti wù kí ó mọ ìlù tó, Àyàn kò sí nínú orúkọ rẹ̀; adé àti oyè ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé ilé ọba ni a bí i sí.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ní ọba kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó sì ní ju ilé ọba kan lọ. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ilé wọ̀nyí, òbí lè sọ ọmọ ní Adélékè láìgbọ́ pé ẹlòmíràn ti jẹ́ ẹ rí ní ìlú mìíràn. Èyí ni ìdí àkọ́kọ́ tí orúkọ náà fi ní orísun púpọ̀.

Bákan náà, adé kì í ti ọ̀dọ̀ bàbá nìkan wọ orúkọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba lè jẹ́ orúkọ Adé láti ìdí ìyá. Nígbà tí ó yá, àwọn mìíràn fún ọmọ wọn ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, tàbí nítorí ọ̀rẹ́ tàbí àgbà kan tí ó jẹ́ ẹ. Nítorí náà, Adé nínú orúkọ lè tọ́ka sí ilé ọba, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí tí a lè gbé ka iwájú àwọn afọbajẹ.

Bí orúkọ àbísọ ṣe di orúkọ ìdílé

Nínú àṣà Yorùbá àtijọ́, orúkọ bàbá kì í di orúkọ ọmọ. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, pín orúkọ sí ìsọ̀rí mẹ́ta: orúkọ àmútọ̀runwá, bíi Táíwò àti Àjàyí, orúkọ àbísọ, àti oríkì, bíi Àjàní àti Àbẹ̀kẹ́. Orúkọ ìdílé irú èyí tí a mọ̀ lónìí kò sí lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ènìyàn jẹ́, orúkọ bàbá rẹ̀, agbo ilé rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti oríkì orílẹ̀ rẹ̀ ni a ó béèrè.

Ìyípadà bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn Sàró tí wọ́n padà wálé láti Siẹrra Léònè mú orúkọ ìdílé àwọn Gẹ̀ẹ́sì bọ̀. Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ ọ̀kan lára wọn: Àjàyí jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, ṣùgbọ́n Crowther jẹ́ orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil dé sí Èkó mú orúkọ bíi da Rocha àti Pereira wá ní tiwọn. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ orúkọ àjèjì sílẹ̀. Àlùfáà David Brown Vincent yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mọ́jọlá Àgbébí ní ọdún 1894. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé àwọn tí wọ́n padà sí orúkọ Yorùbá kò padà sí ìlànà orúkọ Yorùbá. Orúkọ ìdílé dúró. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni a kàn fi rọ́pò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn tí kò kúrò nílé rí pàdé ìlànà yìí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ìrìbọmi, ìwé owó orí àti ìwé ilé ẹjọ́. Akọ̀wé a béèrè orúkọ ọmọ, a sì béèrè orúkọ bàbá rẹ̀ láti fi ṣe èkejì. Bí bàbá bá ń jẹ́ Adélékè, ọmọ náà di Adélékè nínú ìwé. Bí ọmọ yìí náà bá bímọ, tí ó sì fi orúkọ tí ó wà nínú ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ dípò orúkọ àbísọ tirẹ̀, orúkọ ìdílé ti fìdí múlẹ̀ nìyẹn. Ìran kejì yìí ni ó ń sọ orúkọ bàbá di orúkọ ìdílé.

Ní ìlú tí Mùsùlùmí ti pọ̀ bíi Ẹdẹ, níbi tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti dé orí ìtẹ́ láti ayé Tìmì Habeebu Lágúnjú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìbéèrè mìíràn tún wà. Bàbá kan lè ní orúkọ Mùsùlùmí àti orúkọ Yorùbá pọ̀. Èwo nínú méjèèjì ni akọ̀wé yóò kọ? Ibi tí a ti kọ ti Mùsùlùmí, àwọn ọmọ di Lawal, Raji, Lasisi tàbí Salami. Ibi tí a ti kọ ti Yorùbá, wọ́n di Adélékè tàbí Oyèwùsì. Ìtẹ́ Ẹdẹ pàápàá fi èyí hàn. Lẹ́yìn Láoyè ni Tìjání Ọládòkun Oyèwùsì jọba, lẹ́yìn rẹ̀ ni Munirudeen Adéṣọlá Lawal. Ọba mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn lórí ìtẹ́ kan náà, orúkọ ìdílé mẹ́ta.

Ìdílé Adélékè ti Ẹdẹ

Ìdílé tí ó sọ orúkọ náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára fún bí orúkọ ìdílé ṣe ń fìdí múlẹ̀. Orúkọ Mùsùlùmí tí olórí ìdílé náà ní ni Raji, orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Ayọ̀ọlá, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ni Adélékè. Ó jẹ́ sẹ́nétọ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ní ìgbà Ìjọba Olómìnira Kejì, láàárín ọdún 1979 sí 1983. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ àbísọ bàbá ni a fi ń mọ ọmọ ní ìran kọ̀ọ̀kan, Ayọ̀ọlá ni à bá máa pe àwọn ọmọ rẹ̀: Isiaka Ayọ̀ọlá, Adédèjì Ayọ̀ọlá, Adémọ́lá Ayọ̀ọlá. Ṣùgbọ́n Adélékè ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ẹ̀rí nìyí pé orúkọ náà ti dúró gbọn-in kí wọ́n tó dáyé, tí kò sì tún yí padà mọ́ nígbà tí ìran kẹta dé.

Isiaka Adélékè, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Ṣẹ̀rùbàwọ́n, ni gómìnà àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lẹ́yìn tí a dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991. Ó wà lórí àlééfà láti oṣù Kìíní ọdún 1992 títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1993. Ó tún ṣojú Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀ṣun ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà láti ọdún 2007 sí 2011, àti láti ọdún 2015 títí tí ó fi kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2017. Àbúrò rẹ̀, Adémọ́lá, ni a dìbò yàn sí ipò náà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Adémọ́lá ni ó borí nínú ìdìbò gómìnà tí ó wáyé ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022, a sì búra fún un ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà.

Adédèjì, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ayọ̀ọlá, jẹ́ oníṣòwò. Òun ni ó dá Yunifásítì Adeleke sílẹ̀ ní Ẹdẹ ní ọdún 2011. Nípasẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, orúkọ tí ó ti jẹ́ ti ènìyàn rí wá di orúkọ ibi. Ọmọ rẹ̀ ni olórin David Adédèjì Adélékè, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Davido.

Ìfiwéra pẹ̀lú orúkọ ìdílé ní ilẹ̀ Faransé

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni orúkọ ènìyàn ti di orúkọ ìdílé. Ní ilẹ̀ Faransé, ìyípadà yìí ti wáyé láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní Sànmánì Agbedeméjì, ọ̀nà mẹ́rin pàtàkì ni a fi ń dá àwọn tí ń jẹ́ orúkọ kan náà mọ̀ yàtọ̀: orúkọ bàbá, ibùgbé, iṣẹ́ àti ìnagijẹ. Dupont ń tọ́ka sí ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá afárá, Lefebvre jẹ́ alágbẹ̀dẹ, Petit sì jẹ́ ẹni kékeré. Àṣẹ tí Ọba François Kìíní pa ní Villers-Cotterêts ní ọdún 1539 mú kí àwọn àlùfáà máa kọ ìwé ìrìbọmi, ìwé wọ̀nyí sì ran orúkọ ìdílé lọ́wọ́ láti dúró. Ní ọdún 1794, òfin kan de gbogbo ará ìlú láti má ṣe jẹ́ orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú ìwé ìbí wọn.

Orúkọ ìdílé tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Faransé ni Martin. Orúkọ àbísọ ni òun náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì sọ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀ nítorí Martin Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Tours ní ọ̀rúndún kẹrin. Kò sí ẹni tí ń rò pé gbogbo àwọn Martin jẹ́ ẹbí kan náà. Ohun tí pípọ̀ wọn fi hàn ni pé orúkọ náà gbajúmọ̀ ní ọ̀pọ̀ abúlé ní àkókò tí orúkọ ìdílé ń fìdí múlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ Adélékè ti rí gan-an nìyẹn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni ti àkókò. Ọ̀pọ̀ ìran ni ó wà láàárín Martin òde òní àti Martin àkọ́kọ́ nínú ìdílé rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ Adélékè lè jẹ́ bàbá bàbá ẹni tí ń jẹ́ ẹ lónìí.

Bí ó ti wọ́pọ̀ tó lóde òní

Ilẹ̀ Faransé ní àjọ ìjọba kan, INSEE, tí ń ka iye ọmọ tí a bí pẹ̀lú orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìkànìyàn ti tẹ àkójọ orúkọ ìdílé jáde lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 2000 àti 2010, fún orúkọ tí ó bá ní ẹni 100 ó kéré tán. Ìkànìyàn Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀. Ti ọdún 2006 ka ènìyàn 140,431,790 ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, 3,416,959 nínú wọn sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ọjọ́ orí àti akọ tàbí abo ni a fi pín wọn. A kò béèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a kò sì ka iye orúkọ. Nítorí náà, bí òǹkàwé bá rí iye kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí ń jẹ́ Adélékè ní Nàìjíríà, kí ó mọ̀ pé ìfojúbù ni, kì í ṣe èsì ìkànìyàn.

Ohun tí a lè sọ dájú ni àwọn ohun tí ń mú kí orúkọ náà pọ̀ sí i tàbí kí ó dín kù:

• Orísun rẹ̀ pọ̀, nítorí pé ilé ọba pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá.
• A lè sọ ọkùnrin àti obìnrin ní Adélékè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ọkùnrin ni a sábà fi ń ṣe orúkọ ìdílé.
• Bàbá olóbìnrin púpọ̀ lè fi orúkọ náà sílẹ̀ fún ọmọ tí ó pọ̀ ní ìran kan ṣoṣo.
• Ọ̀pọ̀ obìnrin ń gba orúkọ ìdílé ọkọ, àṣà tí kò sí tẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn mìíràn ń so ti bàbá àti ti ọkọ pọ̀.
• Ní ìdà kejì, ìdílé lè fi orúkọ Mùsùlùmí tàbí ti Kristẹni rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ó gé e kúrú.
• Orúkọ náà ṣì wà láàyè gẹ́gẹ́ bí orúkọ àbísọ. Adélékè Mamora, tí ó jẹ́ olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1999 sí 2003, ń jẹ́ ẹ ní orúkọ àkọ́kọ́. Nínú àkójọ tí kò ya orúkọ àbísọ sọ́tọ̀ sí orúkọ ìdílé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè di kíkà mọ́ àwọn tí ń jẹ́ ẹ ní orúkọ ìdílé.

Ó tún yẹ kí a ya gbígbọ́ orúkọ sọ́tọ̀ sí jíjẹ́ ẹ. Láti ọdún 1992 ni a ti ń gbọ́ Adélékè nínú ìròyìn òṣèlú Ọ̀ṣun, orin Davido sì ti gbé e dé ibi tí a kò ti gbọ́ Yorùbá rí. Gbogbo èyí mú kí ó dà bí ẹni pé àwọn tí ń jẹ́ ẹ pọ̀ ju bí wọ́n ti pọ̀ lọ, àti pé ilé kan ni gbogbo wọn ti wá. Òkìkí kì í ṣe òǹkà.

Àkọtọ́ àti pípè

Àkọtọ́ Yorùbá tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 fi àyè gba àmì ohùn, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìjọba Nàìjíríà, ìwé ìrìnnà àti káàdì ìdánimọ̀ ń tẹ orúkọ láìsí wọn. Adeleke ni ó wà nínú ìwé, Adélékè ni ó wà lẹ́nu. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ìpalára àìfi àmì sí i kò pọ̀, nítorí pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò pè é bí ó ti yẹ. Ọ̀dọ̀ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni ó ti ń di ìṣòro: lẹ́tà lásán ni ó ń rí, kò sì sí ohun tí yóò sọ fún un pé ìsàlẹ̀ ni ohùn orúkọ náà ń parí sí.

Ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni a gbà kọ orúkọ Yorùbá. Àwọn Yorùbá Kétu, Sábẹ̀ àti agbègbè Pọ̀tọ̀nóvò wà lábẹ́ ìjọba Faransé títí di òmìnira ní ọdún 1960, ìlànà Faransé ni àwọn akọ̀wé sì tẹ̀lé: wọ́n ń fi ou kọ u, wọ́n ń fi ch kọ ṣ, wọ́n sì ń fi dj kọ j. Bí Òjó ṣe di Odjo nìyẹn. Lábẹ́ ìlànà yìí, a lè kọ orúkọ tiwa yìí ní Adéléké. Ẹni tí ó mọ àkọtọ́ Yorùbá yóò rò pé ohùn òkè ni ó wà lórí sílébù tí ó gbẹ̀yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní èdè Faransé, àmì orí é kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ohùn. Ó ń fi hàn pé fáwẹ́lì e ni, kì í ṣe ẹ. Orúkọ kan náà, àmì kan náà, iṣẹ́ tí ó yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ẹbí rẹ̀ kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ ní èyí lọ́kàn.

Orúkọ ìdílé àti ìbátan

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí orí ìwé. Bí ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n ń jẹ́ Adélékè bá fẹ́ fẹ́ ara wọn, orúkọ tí wọ́n jọ ń jẹ́ kò sọ pé ẹbí ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ lè jẹ́ ọmọ bàbá bàbá kan náà, tí a kọ ọ̀kan ní Raji, tí a sì kọ èkejì ní Adélékè. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń béèrè agbo ilé, oríkì orílẹ̀ àti orúkọ ìyá àgbà nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìwádìí ṣáájú ìgbéyàwó.

Bákan náà ni ó rí nínú ọ̀rọ̀ oyè àti ilẹ̀. Láti ìgbà Òfin Ìjòyè ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ọdún 1957 ni a ti ń kọ orúkọ àwọn ilé ọba sínú ìwé ìjọba. Orúkọ baba ńlá tí ó ṣẹ ilé náà sílẹ̀ ni a sábà fi ń pe ilé ọba, kì í ṣe orúkọ ìdílé àwọn tí ń du oyè. Ẹni tí yóò sọ pé òun ní ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ ka ìran rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ baba ńlá náà. Bí ó bá gbàgbé oríkì orílẹ̀ tí ó sì di orúkọ ìdílé mú, ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju orúkọ àbísọ bàbá kan lọ, bàbá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú mìíràn ní irú rẹ̀.

Àwọn gbajúmọ̀ tí ń jẹ́ Adélékè

• Raji Ayọ̀ọlá Adélékè: olóṣèlú ọmọ Ẹdẹ, sẹ́nétọ̀ láàárín ọdún 1979 sí 1983.
• Isiaka Adélékè (1955–2017): gómìnà àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, sẹ́nétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
• Adédèjì Adélékè (a bí i ní ọdún 1957): oníṣòwò, olùdásílẹ̀ Yunifásítì Adeleke.
• Adémọ́lá Adélékè (a bí i ní Enugu ní ọdún 1960): sẹ́nétọ̀ láti ọdún 2017 sí 2019, gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí a búra fún ní ọdún 2022.
• David Adédèjì Adélékè, Davido (a bí i ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1992): olórin.
• Tunde Adeleke: òpìtàn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn aṣáájú ọmọ Áfríkà-Amẹ́ríkà ọ̀rúndún kọkàndínlógún jáde ní ọdún 1998.